Ohùn Màmá Òkè Nínú Fóònù

Bí ẹ bá fẹ́ rí àgbàlagbà tó ń bá nǹkan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ jà, ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Àga. Káfíńtà ni. Àga nìkan ló ń kàn. Kì í kan bẹ́ẹ̀dì, kì í kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Bàbá Àga nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, pé ó fẹ́ràn àga ju òun lọ. Àdúgbò gba orúkọ náà lẹ́nu obìnrin yìí, wọn ò sì dá a padà mọ́.

Ìsàlẹ̀ ilé ni ṣọ́ọ̀bù wà, òkè ni òun àti ìyàwó ń gbé. Látìgbà tí orúnkún ìyàwó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ni dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ dá sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Onítìmùtìmù, ọkùnrin tó ń rán tìmùtìmù àga, tí òun àti Bàbá Àga jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan náà, ló bá sọ obìnrin náà di Màmá Òkè. Bí Màmá Òkè bá sì ń fẹ́ nǹkan nígbà tí ẹ̀rọ ìgégi ń ké nísàlẹ̀, kó lọgun títí, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́. Ìdí nìyẹn tí àbígbẹ̀yìn wọn, ọmọbìnrin tó ti wà nílé ọkọ, fi ra fóònù méjì wá, ọ̀kan fún ìyá, ọ̀kan fún bàbá.

"Bàbá mi, ẹ máa fi sápò àyà," ló wí. "Tẹ́ ẹ bá ń lo ẹ̀rọ tẹ́ ò gbọ́ ọ, ó máa gbọ̀n mọ́ yín láyà. Màmá nìkan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa gbọ́. Tí wọ́n bá ṣubú lókè ńbẹ̀, ta ló máa mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Bàbá Àga lára. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba fóònù, ó dúpẹ́, ó súre. Kò mọ̀ pé ìyọnu lòun ń súre fún.

Ohùn tó bá fóònù náà wá láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ohùn yẹn gan-an ló wà nínú fóònù Onítìmùtìmù, òun náà ló wà nínú ti ọkùnrin tó ń kun àga. Bí ọ̀kan bá ti dún, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ju irinṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á máa gbá ara wọn lápò bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Gọ́ọ̀mù ò sì mọ ẹ̀bẹ̀. Bí káfíńtà bá ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹsẹ̀ àga, ó gbọ́dọ̀ fi irin há a pinpin kó tó gbẹ. Bó bá yọwọ́ pẹ́nrẹ́n, ẹsẹ̀ á yẹ̀, ó parí nìyẹn.

Ti ohùn ìpè ṣì kéré. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé, fóònù á kán tó, tó, bí omi, Bàbá Àga á sì dìde lọ wo ẹnu ẹ̀rọ omi. Bí ilé iṣẹ́ fóònù bá fẹ́ polówó ọjà tí ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n, á súfèé. Ìgbà àkọ́kọ́ tó súfèé, baba yíjú padà pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́.

"Ta ló ń súfèé sí mi? Ṣé ẹgbẹ́ yín ni mí ni?"

Bí iná inú rẹ̀ bá sì fẹ́ tán, á máa ké bí òròmọdìẹ. Odindi òwúrọ̀ kan ni Bàbá Àga fi ń ṣí pákó kúrò lórí pákó, tó ń wá òròmọdìẹ tó kó sábẹ́ rẹ̀. Onítìmùtìmù rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un lọ́wọ́.

Nígbà tí ọmọ tún máa yọjú, baba ti kún dẹ́nu.

"Gbé nǹkan ẹ kí n tó fi òòlù fọ́ ọ! Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí ẹ̀rọ ń fi ṣeré."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi, ẹ fara balẹ̀. Ohùn tó bá wu èèyàn lèèyàn lè fi síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ohùn Màmá fúnra wọn sí i. Tí wọ́n bá ti pè yín, ohùn wọn lẹ máa gbọ́."

"Ohùn ìyá ẹ? Nínú èyí?"

Ọmọ gun òkè lọ bá ìyá rẹ̀, ó gbé fóònù sí i lẹ́nu, ó ní kó pe Bàbá bó ṣe máa ń pè é. Màmá Òkè ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra pe èèyàn. Ó fọwọ́ mú ìbàdí, ó figbe ta: "Bàbá Àga o! Bàbá Àga! Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ nìyẹn. Ọmọ pa ohùn omi lẹ́nu mọ́, ó pa ti ìfé, ó pa ti òròmọdìẹ. Kó tó lọ, ó fi bọ́tìnnì kan han baba lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù: bí ọwọ́ bá dí, kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ohùn á dákẹ́, bí iṣẹ́ bá ti wá tán, kó pè padà. Ká ní ó mọ ohun tí bọ́tìnnì yẹn máa fà ni, ì bá ti dákẹ́.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó dára. Ìyàwó á pè, ọkọ á gun àtẹ̀gùn lọ sókè wéréwéré. Àṣé Màmá Òkè ti rí ohun ìṣeré. Ó ń pè nítorí iyọ̀. Ó ń pè láti sọ pé òjò ṣú. Ó ń pè pé ológbò aládùúgbò ti tún wà lórí ògiri. Ohùn náà dún nílé ìfowópamọ́, gbogbo ẹni tó tò sí ìlà sì yíjú wo Bàbá Àga bí ọkọ tó sá nílé. Ní ṣọ́ọ̀bù, bó bá ti ké "Bàbá Àga o," Onítìmùtìmù á ti gbà á lẹ́nu ẹ̀: "Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Ó sú u. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Kò pẹ́ tí àtàǹpàkò rẹ̀ fi mọ ibi tí bọ́tìnnì wà bí ahọ́n ṣe mọ eyín. Ohùn á jáde, àtàǹpàkò á pa á láti ìta àpò, òòlù á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Kì í tilẹ̀ gbójú sókè mọ́.

"Mo pè yín, ẹ ò gbé e," ìyàwó á wí lálẹ́.

"Ọwọ́ mi dí ni."

"Ọwọ́ yín wá ń dí jù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí."

Ní ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ láti àárọ̀. Ẹ̀rọ ìgégi dákẹ́ kalẹ̀. Onítìmùtìmù ti lọ ra fóòmù, ọkùnrin tó ń kun àga ò sì wá. Bàbá Àga nìkan ló wà pẹ̀lú àga kan tí oníbàárà máa gbé nírọ̀lẹ́. Ó fi gọ́ọ̀mù sẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń há irin mọ́ ọn.

"Bàbá Àga o! Bàbá Àga! Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Àtàǹpàkò lọ sápò. Ohùn náà tún dún. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Ìyá Ọmọ, gọ́ọ̀mù ń gbẹ, jọ̀ọ́!" ló kùn sínú.

"Bàbá Àga o!"

Ó tẹ bọ́tìnnì títí òwú àpò fi já. Ohùn ò dákẹ́. "Ó ti bàjẹ́! Mo sọ fún ọmọ yẹn pé nǹkan yìí máa bàjẹ́!" Ó fi ọwọ́ tó kún fún gọ́ọ̀mù fa fóònù yọ láti là á mọ́ tábìlì.

Ojú fóònù dúdú bí ìdí ìkòkò. Iná inú rẹ̀ ti tán láti àárọ̀, òròmọdìẹ tó yẹ kó ké ni ọmọ sì ti pa lẹ́nu mọ́. Fóònù tó ti kú ló dì mú, ìyàwó rẹ̀ ṣì ń pè é.

Ẹ̀rù bà á. Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná lókè, ohùn náà tún wá, ó ti rẹlẹ̀ báyìí. "Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Bó ṣe gun àtẹ̀gùn yẹn, kò lè sọ. Ìyàwó rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ẹsẹ̀ kan ká sábẹ́ rẹ̀. Fóònù tirẹ̀ wà lórí tábìlì níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó.

"Ṣé ó kán ni?"

"Kò kán. Ó yẹ̀ ni." Ó di ọrùn rẹ̀ mú bó ṣe ń gbé e sórí àga. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pè yín. Ẹ ò gbọ́?"

Ó fẹ́ parọ́, àmọ́ ẹ̀rọ ìgégi tí ì bá kó irọ́ náà sí lọ́rùn ò dún lónìí.

"Mo gbọ́," ló wí. "Gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́. Mo rò pé fóònù ni, mò ń tẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe mí?"

Ó bu omi fún un.

Nígbà tó padà sísàlẹ̀, gọ́ọ̀mù ti gbẹ, àga ti wọ́. Nírọ̀lẹ́ tí oníbàárà bú u tán, ọmọ dé láti wá wo ìyá rẹ̀. Bàbá Àga na fóònù sí i.

"Yọ ìyá ẹ kúrò nínú nǹkan yìí."

"Ohùn wo la máa wá fi síbẹ̀, Bàbá mi?"

"Èyí tó bá wù ẹ́. Fi omi sí i. Fi òròmọdìẹ sí i. Ohùn ìyá ẹ, ẹnu ìyá ẹ ni kó ti máa jáde."

Ọjọ́ kejì, ó gbé tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nídìí ẹ̀rọ, ó gbé e wá sábẹ́ fèrèsé ilé ìdáná. Onítìmùtìmù ní oòrùn á pa á níbẹ̀. Ó tún sún tábìlì náà mọ́ ògiri sí i.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gọ́ọ̀mù sẹ́sẹ̀ àga mìíràn, irin ò tíì há, nígbà tí igbe ta láti òkè.

"Bàbá Àga o! Bàbá Àga!"

Ó ju irin sílẹ̀, ó sáré gòkè pẹ̀lú gọ́ọ̀mù lọ́wọ́.

Iyọ̀ ni Màmá Òkè ò rí. Ó bá a wá a.