Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Fọwọ́ Kan Ìdodo Dọ́lífíìnì

Ìyá mi kì í ṣe ọmọ Òdígbó. Etí òkun Ìlàjẹ ni wọ́n bí i sí, nínú ilé pákó tó dúró lórí òpó, níbi tí ọmọdé ti ń lúwẹ̀ẹ́ kó tó mọ ìrìn rìn dáadáa. Bàbá mi tó jẹ́ olóko kòkó ló fẹ́ ẹ wá sínú igbó. Kí n tó gbọ́njú, ó ti mọ kòkó fọ́, ó mọ̀ ọ́n sá, ó sì mọ orúkọ gbogbo ewé tó wà lóko. Síbẹ̀, bí ó bá ń sọ̀rọ̀, "ilé" lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe Òdígbó. A mọ̀ bẹ́ẹ̀, bàbá mi náà mọ̀.

Ohun tó mú un jìnnà sí ilé yẹn kò ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ. Nígbà tí ìyá tó bí i kú, oyún mi ló wà nínú rẹ̀, ó ti wọ oṣù kẹsàn-án. Bàbá mi ní kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tó fi bímọ, tó sì pọ̀n mí dé ọ̀hún, wọ́n ti sin òkú tán. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀. A ti gbàgbé yín." Ìyá mi yí padà lọ́jọ́ náà. Kò dé ibẹ̀ mọ́ títí tí èmi náà fi di abiyamọ.

Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, mo mú un wá sọ́dọ̀ mi ní Orè, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní bàọ́lọ́jì. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ lọ sí yunifásítì pè mí lórí fóònù. Àbùùbùtán àti dọ́lífíìnì, ìbátan rẹ̀ tó kéré, ni òun ń ṣe ìwádìí lé lórí.

"Mo ti wà lójú ọ̀nà," ó ní. "Àwọn apẹja rí dọ́lífíìnì kan nínú àwọ̀n wọn láàárọ̀ yìí, ó ti kú. Jọ̀ọ́, bá mi lọ. O gbọ́ èdè wọn jù mí lọ."

Ó dárúkọ abúlé náà, mo sì tún un pè. Ìyá mi tó ń ṣa ẹ̀wà gbé orí sókè. "Mo gbọ́ pé ibẹ̀ ni àbúrò mi kó lọ, nítòsí ilé wa," ló wí. Ó dìde, ó lọ wẹ̀, ó sì wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi fi ọkọ̀ rẹ̀ dé, àwa mẹ́ta la wọ inú rẹ̀.

A jáde ní Orè, a gba ọ̀nà Òkìtìpupa. Ìyá mi jókòó sẹ́yìn, ó sì bi ọ̀rẹ́ mi léèrè irú ẹja tí a ń lọ wò.

"Kì í ṣe ẹja, Mà," ọ̀rẹ́ mi dáhùn. "Afẹ́fẹ́ ló ń mí bíi tiwa, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Orí ilẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ń gbé láyé ìgbà kan. Wọ́n ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Erinmi ni ìbátan wọn tó sún mọ́ wọn jù."

"Báwo ni wọ́n ṣe wá dé inú òkun?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni, láti ìran dé ìran. Ẹsẹ̀ iwájú di lẹbẹ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì ń kéré títí tí kò fi hàn sóde mọ́. Di òní olónìí, egungun ìbàdí wọn ṣì wà nínú ẹran, kékeré báyìí. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé inú omi náà ni gbogbo ẹran orí ilẹ̀ ti wá tẹ́lẹ̀, Mà. Àwọn wọ̀nyí kàn padà ni."

"Kí ló lé wọn?"

"Bóyá oúnjẹ ni. A kò tíì mọ gbogbo rẹ̀."

Ìyá mi yíjú sí fèrèsé. "Ó lè má jẹ́ pé nǹkan kan lé wọn," ó ní.

Ní Igbókọ̀dá a wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí a ti ń lọ, ìyá mi ń ti ọwọ́ bọ omi, ó ń tọ́ ọ wò, títí ó fi rí iyọ̀ nínú rẹ̀. Ìgbà náà ló rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a dé abúlé náà, àwọn apẹja ti tẹ́ ẹran náà sórí iyanrìn, wọ́n fi àpò tútù bò ó. Àwọn obìnrin dúró yí i ká, mo sì dá àbúrò ìyá mi mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi í hàn mí, nítorí ojú kan náà ni òun àti ìyá mi ní. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì.

Ọ̀rẹ́ mi gé awọ tí kò ju èékánná lọ, ó fi í sínú ìgò kékeré kan. Ìyá mi béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

"Àbùdá rẹ̀ ni mo fẹ́ kà, Mà. Ohun kan wà nínú ara tó jẹ́ pé ọwọ́ ìyá nìkan ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀, bàbá kì í fún un. Bí mo bá fi ti èyí wé ti àwọn tó wà lókun ibòmíràn, mo lè mọ̀ bóyá àwọn tibí ti dá wà látọjọ́ pípẹ́."

"Ọmọ tó bá lọ jìnnà sí ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ṣì wà lára rẹ̀, Mà. Kò síbi tó lọ tí kò ní gbé e dání."

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó fọwọ́ ra ikùn ẹran náà. Lójijì ó kígbe. "Ó ní ìdodo! Ẹ wá wò ó o, ó ní ìdodo!"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ẹ jẹ́ kí n wò ó," ó wí, òun náà sì kúnlẹ̀. Ọwọ́ àwọn méjèèjì wà lórí ikùn yẹn pọ̀.

Ìyá mi kò gbé ojú sókè. "Ibi tí wọ́n sin ìwọ́ wa sí, ṣé ó ṣì wà?"

Àbúrò rẹ̀ nawọ́ sí òkun. "Ibi tí ìgbì ti ń fọ́ yẹn ni ilé wa. Sàréè Ìyé náà wà lọ́hùn-ún. Òkun ti gbà á." Ìyé ni wọ́n ń pe ìyá tó bí wọn.

Ìyá mi jókòó sórí iyanrìn pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ jókòó tì í, ó ní, "Mo bínú jù lọ́jọ́ náà." Ìyá mi ní, "Èmi náà pẹ́ jù kí n tó padà wá." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo rò pé ọ̀rọ̀ náà á gùn ju báyìí lọ.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ọlọ́kọ̀ pè wá. Ìyá mi kò dìde.

"Ẹ máa lọ," ó ní. "Èmi ó dúró síhìn-ín."

"Màámi, oògùn yín ńkọ́?"

"Fi í ránṣẹ́ sí mi."

"Òkun ń jẹ abúlé yìí. Ṣé ẹ kò rí i ni?"

"Mo rí i. Èmi àti àbúrò mi la ó jọ máa wò ó."

Mo bẹ̀bẹ̀. Mo bínú. Níkẹyìn mo bú sẹ́kún níwájú àwọn tí n kò mọ̀ rí, èmi àgbàlagbà. "Èmi wá ńkọ́?" mo bi í. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú mi bí ìgbà tí mo wà ní kékeré. "Ìwọ ti ní ilé tìrẹ," ó wí.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ mi pè mí. Ó ní ohun tí ẹran yẹn jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kò bá ti èyíkéyìí nínú àwọn tí òun ní láti ibòmíràn mu. Ó jọ pé àwọn abo wọn kì í kúrò létíkun yìí. Ṣùgbọ́n awọ kan péré ni, òun kò lè búra lé e. Ohun tó dá òun lójú ni pé wọn kò pọ̀ mọ́.

Mo ti lọ wo ìyá mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ìgbà náà. Ó ti dúdú sí i, ara rẹ̀ sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ á dùn bí mo bá dé, á fi ẹja tútù se ọbẹ̀, á fún mi ní òkèlè pupuru tó gbóná. Ṣùgbọ́n tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, òun náà ló máa kọ́kọ́ sọ pé kí n tètè máa lọ, kí ilẹ̀ má bàa ṣú mọ́ mi lójú omi. Á tẹ̀ lé mi dé etí omi, á sì dúró. Èmi náà á kọjú sẹ́yìn nínú ọkọ̀, màá máa wò ó, títí tí n kò fi ní lè dá a mọ̀ yàtọ̀ mọ́ láàárín àwọn obìnrin etíkun.