Ebè Orí Àjàrà

Ní àfonífojì odò kan lẹ́yìn Bolton, ní Kánádà, níbi tí àwọn òyìnbó àtijọ́ ti wa góòlù títí ilẹ̀ fi rí jágajàga bí eyín arúgbó, Olúfúnkẹ́ àti ọkọ rẹ̀ gbin àjàrà sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Ọkọ kú. Àbúrò ọkọ, Ọlárìndé, tí òun náà ní orúkọ nínú ìwé ilẹ̀, gba ẹ̀gbẹ́ òkè, ó fi kòtò olókùúta sílẹ̀ fún opó.

"Ìyàwó wa, góòlù ṣì kù níbẹ̀. Máa wà á lọ."

Olúfúnkẹ́ fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, ṣùgbọ́n ilé ló bá a. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀; orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ló ń pè é. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, Bọ̀dá Akọ̀wé."

Ó gé ẹ̀ka lára àjàrà ọkọ rẹ̀, ó gbìn ín sáàárín òkúta, ó hù. Nígbà tí wíńtà ń bọ̀, ó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, ó kọ ebè lé wọn lórí bíi ti oko iṣu bàbá rẹ̀, kí òtútù má baà pa wọ́n. Ọlárìndé ya fọ́tò, ó jù ú sí Wasáàpù ẹgbẹ́ ọmọ ìlú: "Ìyàwó wa ń gbin iṣu sínú sínóò!" Ẹnì kan rẹ́rìn-ín ní Pickering títí eyín rẹ̀ fi já bọ́.

Àjàrà òkè wà níhòòhò. Olúfúnkẹ́ lè kìlọ̀. Kò kìlọ̀.

Òtútù ọdún náà mú débi pé òjìji èèyàn ń lẹ̀ mọ́lẹ̀, omi gbígbóná ni wọ́n fi ń ká a. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, àjàrà òkè ti gbẹ bí ìgbálẹ̀. Abẹ́ ebè ń rúwé.

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ẹ̀ka." Kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí.

"Ó di ìgbà tí a bá tún ń gé e, kí wíńtà tó dé, Bọ̀dá Akọ̀wé."

Ọlárìndé fi gbogbo ìgbà ooru wo òkè gbígbẹ. Ọjọ́ pé, Olúfúnkẹ́ pe gbogbo ẹgbẹ́, ó gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́. "Ebè kan, ẹ̀ka kan."

Ogójì ló kọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ró kẹ̀kẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kó ga sí i, kí iṣu lè ta!" Doyinsọ́lá, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́, ló ń pariwo, ó ń ya fọ́tò.

Olúfúnkẹ́ kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ogójì ẹ̀ka fún un. "Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá Elébè."

Orúkọ tí ìyàwó bá sọ ará ilé ọkọ kì í ṣí. Kí Ọlárìndé tó dé ilé rẹ̀ ní Bramalea, fọ́tò ti dé Wasáàpù, ọmọ rẹ̀ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Welcome, Bọ̀dá Elébè."