Ilẹ̀kùn Yàrá Ẹ̀yìn Nílé Òpin-ti-dé

Tí ẹ bá fẹ́ máa gbọ́ lójoojúmọ́ pé ayé ti bàjẹ́, ẹ má wulẹ̀ ra redíò. Ẹ ṣáà máa gba ẹnu ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan kọjá, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Òpin-ti-dé. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn tó bá kàn fún oníbàárà, afẹ́fẹ́ kò ní ríbi gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀! Bí ilẹ̀ bá mì ní ìlú tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ apá ibi tó wà, àfi kó ju ayùn sílẹ̀, kó sáré bọ́ síta, kó káwọ́ lérí. "Ẹ ò gbọ́? Ó ti dé o!" Òkè kan yọ iná lókè òkun, ó ti dé. Ìjì ṣí òrùlé àwọn ẹlòmíì, ó ti dé. Ọ̀gbẹlẹ̀ mú kí odò kan gbẹ, ó ti dé. Ọdún tí òjò bá wá rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ níbì kankan, ìyẹn gan-an ló máa ń dẹ́rù bà á jù. "Ó dákẹ́ jù," ni yóò máa wí. "Ẹ máa wò ó."

Kì í ṣe ariwo yẹn ló ń dun ìyàwó rẹ̀. Ilé ìfọṣọ ńlá kan lobìnrin náà ti ń lọ aṣọ, ẹ̀rọ ibẹ̀ ń pariwo ju ọkọ rẹ̀ lọ, etí rẹ̀ ti yó. Ohun tó ń dùn ún ni ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Inú yàrá yẹn ni ìyá rẹ̀ ń sùn, ìyá arúgbó tí ìbàdí ti dà láàmú, tí kò lè rìn láìfi ọ̀pá tilẹ̀. Yàrá náà rẹlẹ̀ ju ilé yòókù lọ, àtẹ̀gùn ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Tí òjò bá ti ń rọ̀, igi ilẹ̀kùn a mumi, a wú, a há mọ́ férémù. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, àfi kó máa fi èjìká gbá a bí ẹni ń bá màlúù jà. Ilé káfíńtà rèé o!

"Bàbá ọmọ mi, ẹ dákun," ìyàwó bẹ̀ ẹ́ láìmọye ìgbà, "ẹ bá mi fá etí ilẹ̀kùn Màámi. Ìfági yín rèé nílẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni."

Òpin-ti-dé á rẹ́rìn-ín bí ẹni ń ṣàánú ọmọdé. "Òkun ń ya wọ ìlú, ilẹ̀kùn lò ń rò? Kí ọdún yìí tó yí, ta ni yóò tún nílò ilẹ̀kùn?"

"Àná ńkọ́, tí ẹ gbé ilẹ̀kùn tuntun lọ fún jórinjórin iwájú wa?"

"Ìyẹn iṣẹ́ ni."

Arúgbó á sì ti inú yàrá dá sí i. "Fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Ọkọ ọmọ mi fẹ́ kí èmi àti ilẹ̀kùn jọ lọ sọ́run ni."

Ọkùnrin náà kọ etí ikún sí àwọn méjèèjì. Ó tún ní ìwà kan. Tó bá ti ṣíwọ́, á gbá èérún igi jọ, á rọ́ gbogbo ẹ̀ sí gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù, tó wà lẹ́nu ilé rẹ̀ gan-an. Jórinjórin, ọkùnrin tó ń fi iná lẹ irin mọ́ra lódìkejì títì, sọ̀rọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. "Ọ̀gá, omi ò ní rọ́nà lọ o." Èsì tó gbà ni pé omi tó ń bọ̀ wá pa ayé rẹ́ kì í ṣe ti gọ́tà.

Òjò wá dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kì í ṣòjò àràmàǹdà kankan, irú èyí tí gbogbo wa ti rí rí ni. Ó ṣáà rọ̀, ó sì tún rọ̀ sí i. Omi ṣàn dé ibi tí èérún igi ti dí gọ́tà, kò rọ́nà, ló bá yà wọ ilé Òpin-ti-dé. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó rí àtẹ̀gùn, ó gba ìdí ilẹ̀kùn wọnú yàrá ẹ̀yìn.

Òpin-ti-dé bọ́ síta. Ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú rẹ̀, ìdùnnú ń bẹ níbẹ̀! "Mo sọ! Ṣé mi ò sọ fún yín?" Ibẹ̀ ló wà tó fi gbóhùn arúgbó.

"Ẹ wá ṣílẹ̀kùn o! Omi ti bo bẹ́ẹ̀dì mi!"

Ó sáré wọlé, ó fi èjìká gbá ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan péré. Ilẹ̀kùn kò mira. Òòlù ń bẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ayùn ń bẹ níbẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n fi ń tú ilẹ̀kùn ń bẹ níbẹ̀, kò sì jìnnà. Ṣé ó lọ mú wọn? Ó tì o. Ó kúnlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn nínú omi, ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kíkankíkan.

Báyìí ni ìyàwó rẹ̀ ṣe bá a. Obìnrin náà ti sáré kúrò níbi iṣẹ́ nígbà tó rí bí òjò ṣe ń rọ̀.

"Màámi dà?"

"Àsìkò ti tó! Ìwọ náà, kúnlẹ̀!"

"Màámi o!"

"Orí tábìlì ni mo wà," ni ohùn kan dáhùn láti inú, kò sì le mọ́. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yẹ̀."

Obìnrin náà sáré bọ́ síta, ó fi igbe pe jórinjórin. Ọkùnrin náà kò bèèrè nǹkan kan, ó gbé ọ̀pá irin, ó fò ré títì kọjá. Ó ti Òpin-ti-dé tó wà lórí eékún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fọ́ ilẹ̀kùn. Tábìlì ti ṣubú. Arúgbó rọ̀ mọ́ irin fèrèsé, omi dé àyà rẹ̀, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n gbé e jáde. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Jórinjórin wá kó sínú gọ́tà, ó ń fi ọwọ́ wọ́ èérún igi jáde. Kò pẹ́ tí omi fi rọ́nà, tó sì ń fà kúrò nínú ilé. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní àdúgbò kejì yọ sí wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ táútáú. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí ló ṣẹlẹ̀ níbí? Lọ́dọ̀ tiwa, a ti ń sá aṣọ."

"Òpin ayé ni," ni jórinjórin dá a lóhùn. "Kò dé ọ̀dọ̀ yín ni?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Òpin-ti-dé fara da ìyẹn, ó ti mọ́ ọn lára. Àmì ni, ó ní, àmì ni gbogbo ẹ̀.

Ilé jórinjórin ni wọ́n gbé arúgbó sí, wọ́n fi aṣọ gbígbẹ wé e lára, wọ́n fún un ní tíì gbígbóná. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń nu irun rẹ̀. Òpin-ti-dé yọ orí wọlé.

"Ìyá, a dúpẹ́ o. Mo gbàdúrà fún yín gan-an ni."

"Mo gbọ́, ọkọ ọmọ mi," ni ìyá wí. "Ilẹ̀kùn nìkan ló wà láàrin wa. Ẹ ní kí Ọlọ́run rántí yín. Ẹ ní kó rántí ìyá yín tó ti kú. Ẹ tún ní kó má gbàgbé bí ẹ ṣe ń kìlọ̀ fún ayé. Mo ń dúró kẹ́ ẹ dá orúkọ mi. Omi dé ìdí mi, mo ń dúró. Ó dé àyà mi, mo ní ó dáa, bóyá ti ọmọ mi yìí tẹ́ ẹ fẹ́ níyàwó lẹ máa kọ́kọ́ dá. Ẹ ò dárúkọ ìkankan nínú wa."

Ọwọ́ ìyàwó dúró lórí irun ìyá rẹ̀. Ó gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀, ó ń retí ohun tó máa sọ. Irọ́ lásán ì bá tó o lọ́jọ́ yẹn. Ká ní ó purọ́ ni, ì bá gbà á gbọ́.

Òpin-ti-dé họ orí. "Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ yín ni," ó ní, "kí wọ́n tó fọ́ ilẹ̀kùn."

"Màámi, ẹ gbórí sókè díẹ̀," ni obìnrin náà wí. Ó ń nu irun náà lọ, kò sì wo ibi tí ọkùnrin náà wà mọ́.