Tòlótòló Inú Ìwé Bàbá Ìbejì

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Bàbá Ìbejì ti fi ń fín orúkọ èèyàn sára ife ẹ̀yẹ àti pátákó ẹnu ọ̀nà. "Ọ̀gá" ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ó sì ń dùn mọ́ ọn, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni wàhálà dé. Obìnrin náà jókòó, ó kọ ìtàn àkọ́kọ́ rẹ̀ láyé, ojú ewé mẹ́jọ péré.

"Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi ya àwòrán rẹ̀ sórí páànù bàbà, ká fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ká fọwọ́ ara wa rán an di ìwé. Ilé ìkàwé ìsàlẹ̀ ọ̀hún láwọn máa gbé e síta fáráyé lọ́jọ́ Sátidé. Àmọ́ bó ṣe wà ni kẹ́ ẹ yà á o. Tẹ́ ẹ bá yí i padà, màá gba ìtàn mi."

Ọkọ ní kò burú. Ó wọ awò ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kò tíì dé ìdajì tó fi figbe ta.

Ìtàn ìgbà tí wọ́n ń fẹ́ra sọ́nà ni! Tòlótòló aládùúgbò kan lé wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin inú ìtàn fi àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó di orí òrùlé mọ́tò tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ìyá Ìbejì ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọkọ mélòó ló ní?

"Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu!" Ó pa bébà náà dé, kò ka ìyókù. Tí aráyé bá rí èyí ní Sátidé, Ọ̀gá ti tán nìyẹn. Bàbá Tòlótòló ni wọ́n á máa pè é títí yóò fi kú.

Ó kọ́kọ́ gbìyànjú o. Ó fi ìda bo páànù bàbà, ó fi abẹ́rẹ́ ya ara rẹ̀ tòun ti fìlà rẹ̀ bó ṣe ń sáré, ó rì í sínú ásíìdì, ásíìdì sì jẹ gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ ti họ. Ó wò ó. Tòlótòló ga jù ú lọ, òun alára fọwọ́ di ṣòkòtò mú kó má bàa jábọ́. "Rárá o, èmi kọ́!" Ló bá mú irin mímú, ó fá gbogbo ẹ̀ kúrò, ó dán an títí ó fi ń kọ mànà. Ó wá ya òmíràn sójú ibẹ̀: akọni kan, àyà gbẹ̀ǹgbẹ̀, tó di tòlótòló lọ́rùn mú. Tòlótòló ọ̀hún ò ju ẹyẹlé lọ.

Àṣé bàbà kì í tètè gbàgbé. Ibi tí ásíìdì bá ti jẹ, bó o fá a títí, ó lè ṣì ku díẹ̀ tí yíǹkì á rí dúró sí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, Ìyá Ìbejì ṣí bébà tútù náà kúrò lórí bàbà, ó nàka sí ẹ̀yìn akọni náà.

"Bàbá Ìbejì, ta lẹni tó ń sá lẹ́yìn akọni yìí?"

"Èwo? Áà... ẹni tó ń kọjá lọ ni."

"Ẹni tó ń kọjá lọ! Ó wá dé fìlà yín?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ọkọ rẹ̀ dáadáa. "Ẹ ò kà á tán, àbí?"

Ojú ti ọkùnrin náà. Ìyàwó mú ojú ewé kẹjọ, ó kà á sókè: "Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí mọ́tò. Ṣòkòtò rẹ̀ ti ya. Ẹ̀rù ẹyẹ yẹn ń bà á ju bó ṣe ń bà mí lọ, síbẹ̀ ó padà wá dúró síwájú mi. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé òun ni màá fẹ́."

Ó gbé bébà sílẹ̀. "Ẹni tí kò sá, ibo ló ti padà wá?"

Láti gbogbo ọdún yìí wá, Bàbá Ìbejì ti ń rò pé àánú òun ló ṣe ìyàwó rẹ̀ tó fi gbà láti fẹ́ òun. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń wá awò tó wà lójú rẹ̀. Ó mú bàbà tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí, orí tòlótòló fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú ọ̀run.

Ní Sátidé, káfíńtà ẹ̀gbẹ́ ilé wọn ló kọ́kọ́ ṣí ìwé náà. Ó bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ilé ìkàwé yíjú sí wọn. "Ọ̀gá! Ṣé ẹ̀yin lẹ ń sáré báyìí?"

Bàbá Ìbejì tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Èmi ni. Ẹ ṣí ewé tó kàn."