Ìràwọ̀ Inú PlayStation Èyíwùnmí

Kò sí ohun tó ń bí Olúfọlákẹ́ nínú tó PlayStation àbúrò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Olúfọlákẹ́, Laurel ní Maryland, l'Amẹ́ríkà, ló ń gbé. Bó bá ti ti ṣífíìtì dé, kò tíì ní bọ́ bàtà tán tí yóò ti tan Xbox rẹ̀, tí yóò máa gbá géèmù tí wọ́n ti ń wakọ̀ láàárín ìràwọ̀. Géèmù yẹn kan náà ni Èyíwùnmí, àbúrò rẹ̀, ń gbá lórí PlayStation tirẹ̀ ní Greenbelt, ìlú tí kò jìnnà sí Laurel. Ọkọ̀ àwọn méjèèjì ń fò geere, ìyẹn ò yàtọ̀. Àmọ́ nílé Èyíwùnmí, ìràwọ̀ ń tàn yòò. Nílé Olúfọlákẹ́, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n da gàrí sórí aṣọ dúdú. Ta wá ni ẹ̀gbọ́n níbẹ̀?

Lọ́jọ́ Sátidé, ó lọ gbá a nílé àbúrò rẹ̀, ó sì yínmú. "PlayStation yìí mà ń gbóná jù."

Èyíwùnmí rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ẹ máa gbé e lọ. Ẹ fún mi ní tiyín."

Olúfọlákẹ́ ò tiẹ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ kọ̀ ọ́; lọ́jọ́ kejì ló gbé Xbox rẹ̀ wá pààrọ̀.

Ó gbé PlayStation délé, ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Gàrí náà ló tún rí. Kó tó jókòó, fídíò Èyíwùnmí ti wọlé sórí WhatsApp rẹ̀: ìràwọ̀ inú Xbox ń tàn yòò. "Àǹtí mi, àṣé tiyín náà dáa báyìí!"

Ó gbé PlayStation sínú mọ́tò, ó kọrí sí Greenbelt. Èyíwùnmí ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀. "Àǹtí mi, kí ló tún kù?"

Olúfọlákẹ́ kọjá lára rẹ̀ wọlé. Tẹlifíṣọ̀n ara ògiri tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ló ń fojú wọ̀n, bóyá ó lè wọ ẹ̀yìn mọ́tò òun.