Iná Tó Ń Pe Afẹ́fẹ́ Fúnra Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí lóko Ìyá mi, kí ẹ sì bá mi tú u, torí títí di òní ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé mi!

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní ìlú Savalou. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo fi fídíò kan han àwọn ọmọ kíláàsì mi: iná tí wọ́n dá sí aṣọ nínú ọkọ̀ tó ń yí ayé po lójú òfurufú, níbi tí nǹkan kì í ti í wúwo. Iná náà ò ga sókè rárá! Ó rí roboto, ó ń rá pálá. Nígbà tí wọ́n pa fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó kú fúnra rẹ̀.

Ní Sátidé, mo gun ọ̀kadà lọ sí Lougba, níbi tí oko Ìyá wà, kí n lọ bá Ìyá sun koríko etí oko kajú rẹ̀, kí iná ọ̀gbẹlẹ̀ má baà wọ àwọn igi. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni oko náà wà, koríko náà sì wà nísàlẹ̀ àwọn igi. Ìyá ní kí n dúró kí òun pọn omi wá, pé láti òkè la ti ń ṣáná sí i, kó máa jó bọ̀ wá sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Èmi ọ̀mọ̀wé! Mo wo ewé igi, ìkankan ò mì. Mo ní kò kúkú sí afẹ́fẹ́, ibo ni iná fẹ́ lọ? Ìsàlẹ̀ tí mo dúró sí ni mo ti ṣáná.

Yéè! Iná sáré gun òkè, ó kọrí sí kajú. Afẹ́fẹ́ wo ló ń fẹ́ ẹ? Mo kàn lanu sílẹ̀ ni! Ìyá tó ń pọn omi bọ̀ da á nù kó lè sáré, ó já ẹ̀ka tútù láti fi lu iná náà, ó ń pariwo pé kí n lù ú, kí n lù ú. Àwọn ará oko kejì ló bá wa pa á.

Mo wá ṣàlàyé fídíò náà fún Ìyá. Ó ní ti ọ̀hún lè rí bẹ́ẹ̀, òun ò débẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, iná ló ń pe afẹ́fẹ́ tirẹ̀: ooru ń gòkè, afẹ́fẹ́ tútù ń wọlé látìsàlẹ̀, koríko òkè á sì ti yan kí iná tó kàn án. Ẹ gbọ́ o, ohun tí mo ń kọ sójú pátákó nìyẹn! Báwo ló ṣe fò mí?

Igi mẹ́fà ló jó. Ìyá ò bá mi wí. Ó kàn fọwọ́ kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kajú àwọn yìí gan-an lòun tà rán mi níléèwé. Ojú tì mí, mo sunkún.

Ẹ bi ẹni tó ti ń sun koríko tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó ṣáná o. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ mọ̀ dájú tí ọwọ́ yín ṣì ṣe òdì rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi.