Máfọwọ́kànmí ti Àwáwù

Lọ́dún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kó ọmọ kún kíláàsì dé ojú fèrèsé ni Mùtíátù, ọmọ Ìsẹ́yìn, di tíṣà nílùú rẹ̀. Nígbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì n'Íbàdàn, ó rí ìwé àwọn ayàwòrán ìgbàlódé: ẹyẹ olójú mẹ́ta, màlúù tó pọ́n bí osùn. Òun náà wá sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé, “Ẹ má ya ewúrẹ́. Ewúrẹ́ pọ̀ níta. Ẹ ya ẹran tí kò tíì sí.”

Wọ́n yà á sára ògiri kíláàsì. Àwáwù, ọmọ Ràmọ́nì ahunṣọ, ya tirẹ̀ láìlórí, ó fún un lẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, ó wá to ìlà sí i lẹ́yìn: pupa, aró, ìyeyè. Ìyeyè tán, ló bá fi pupa méjì ti ara wọn. Ó pè é ní Máfọwọ́kànmí.

Ni Ràmọ́nì bá já wọlé. “Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ ti ọmọ mi sínú iná ni? Ẹni tó bá ya ohun ẹlẹ́mìí, wọn ó ní kó fi ẹ̀mí sí i lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀!”

Ládòkun, ọ̀gá ilé-ìwé, gbè Ràmọ́nì lẹ́sẹ̀. “Kò tilẹ̀ jọ ohunkóhun tí Ọlọ́run dá.”

“Ẹ mú ọ̀kan nínú ẹ̀sùn méjèèjì, sà,” ni Mùtíátù fèsì. “Bí kò bá jọ ohun tí Ọlọ́run dá, ẹ̀mí wo ni wọn ó bi ọmọ náà léèrè?”

Ẹ gbọ́ ná! Ni àwọn méjèèjì bá ní kí wọ́n gbé ẹfun wá. Wọ́n kun ògiri náà funfun báláú. Ràmọ́nì sì yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nílé-ìwé. Mùtíátù bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ etí ikún sí i.

Nígbà tí Iléyá ku fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, Mùtíátù gba iwájú ilé Ràmọ́nì kọjá. Aṣọ tuntun wà lórí òfì: pupa, aró, ìyeyè, pupa méjì pọ̀. Àwáwù jókòó sílẹ̀, ó ń ká òwú.

“Kí lẹ ń pe aṣọ yìí?” ni Mùtíátù bi Ràmọ́nì.

“Máfọwọ́kànmí ni, Tíṣà,” ni Ràmọ́nì fèsì láti ìdí òfì. “Àwọn ará Ṣakí ń jà dù ú!”

Mùtíátù na ìka sí àwọn ìlà náà. “Baba Àwáwù, ẹ̀yìn ẹran tí ẹ ní kí wọ́n pa rẹ́ lẹ ń tà yìí. Ta ni wọn ó wá bi léèrè ẹ̀mí rẹ̀, ọmọ yìí àbí ẹ̀yin?”

Ràmọ́nì di ọ̀kọ̀ tó fi ń ju òwú gba inú òfì mú, kò jù ú. Àwáwù ló gbójú sókè.

“Bàbá, pupa méjì yẹn, àṣìṣe ni. Ìyeyè ló tán mọ́ mi lọ́wọ́.”